Aṣọ Funfun Méjì

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Nọ́ọ̀sì Góṣénì ní lẹ́tà gbọ́dọ̀ tẹ àwọn lọ́wọ́. Lẹ́tà wo? Lẹ́tà pásítọ̀. Kì í ṣe èsì ìdánwò o. Fọláwẹ̀mí Akíndúró ti ṣe ìdánwò tirẹ̀, ó sì ṣe ipò kẹta nínú àádóje akẹ́kọ̀ọ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń wá iṣan lára ọmọ ìkókó tó ń ké, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ojú egbò tó ń rùn láì fajú ro. Ṣùgbọ́n àyè àádọ́ta péré ni ìjọba fún ilé-ìwé náà, àádóje ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n sì gbà wọlé, tí wọ́n gbowó lọ́wọ́ gbogbo wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá di kí wọ́n fi orúkọ àádọ́ta ránṣẹ́ sí Àbújá, kí àwọn yẹn di nọ́ọ̀sì tí ìjọba mọ̀, kí ọgọ́rin tó kù máa wojú ara wọn, wọ́n fi orúkọ Jésù bojú. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri lọ́jọ́ Ajé pé kìkì ẹni tí pásítọ̀ ìjọ tí àwọn mọ̀ bá kọ̀wé fún ni àwọn máa yẹ̀ wò. Ìjọ aláṣọ funfun tí ìdílé Akíndúró ń lọ ní Ubeji, létí Warri, kò sí lára ìjọ tí wọ́n mọ̀.

Mercy, ìyá Fọláwẹ̀mí, ti jí láti agogo márùn-ún àárọ̀. Ọjọ́ kẹrin rèé tí iná ti lọ ládùúgbò wọn, nítorí náà ó koná sínú áyọ́ọ̀nù eléèdú, ó ń lọ aṣọ funfun méjì lórí tábìlì tó fi ń to ẹja yíyan. Ọ̀kan ni sùtánà tí ọmọ rẹ̀ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èkejì ni aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Ara ìgàn aṣọ kan náà ni tẹ́lọ̀ tó wà ní Ekpan ti gé méjèèjì, nítorí Mercy kì í ṣe obìnrin tí í rajà lẹ́ẹ̀mejì níbi tí ẹ̀ẹ̀kan bá ti tó. Ó ti fi sítáàṣì sí wọn, wọ́n gan gbagidi. Nígbà tó ká wọn tán, kò sẹ́ni tó lè wò wọ́n lókè kó sọ èwo ni ti Ọlọ́run, èwo ni ti ìjọba. Òjò ti ń kán, ó bá ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọnú ọ̀rá dúdú, ó so ẹnu wọn pinpin.

Fọláwẹ̀mí jókòó sórí àpótí, ó káwọ́ gbera. Bí gbogbo ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Warri, ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n Pijin ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Mama, dem don baptize me before."

"Mo mọ̀. Ṣebí èmi ni mo di aṣọ rẹ mú létí omi."

"Na the same river. Wetin the water forget?"

Mercy ò rẹ́rìn-ín. "Fọlá, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Pásítọ̀ Zachariah ní òun ò lè kọ̀wé fún ọmọ aláṣọ funfun, àfi bó bá wọ omi tòun, tó sì kó sùtánà rẹ̀ wá kí wọ́n sun ún níṣojú ìjọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo kúnlẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́, mo gbà fún un."

"And Papa?"

"Bàbá rẹ ti lọ gbé àwọ̀n. Kó tó dé, a ti dé."

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣì wà tí wọ́n fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan létí odò. Mercy mọ ẹ́ńjìnnì náà bí ó ti mọ ikọ́ ọkọ rẹ̀; lẹ́ẹ̀mẹta ló máa ń húkọ́ kó tó kú. Bámigbóyè ti dé ní kùtùkùtù. Àwọ̀n ò mú nǹkan kan, epo ló bo ojú omi. Obìnrin náà kù gìrì, ó já ọ̀rá kan gbà lórí tábìlì, ó ní, "Mú èyí tó kù!" Wọ́n bá gba ẹ̀yìn ilé jáde. Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ni í yẹ nǹkan wò nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń gòkè bọ̀, tó sì ń jí aṣọ ọmọ rẹ̀ lọ sun?

Ìyá Rosemary, aládùúgbò wọn tó ń ta búrẹ́dì, rí wọn bí wọ́n ti ń sáré kọjá. Ohun tí ojú obìnrin yẹn bá rí, ìdajì Ubeji ti rí i nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì Pásítọ̀ Zachariah ò ju igba ẹsẹ̀ bàtà lọ sí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ Fọláwẹ̀mí bọmi nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Omi kan náà, ẹrẹ̀ kan náà, igi ẹ̀gbà kan náà lódìkejì. Pásítọ̀ tìkára rẹ̀ ọmọ Ìlàjẹ ni, bíi ti ìdílé Akíndúró. Ìyá tó bí i ṣì ń wọ sùtánà nílé títí dòní, kò sì tíì kó tìyẹn lọ sínú iná. Ṣùgbọ́n aṣọ ọmọ ẹlòmíràn kì í dunni bí aṣọ ìyá ẹni. Ó dúró sínú omi tó dé orókún rẹ̀, ó kígbe pé òkùnkùn ń jáde, ó gbá ọmọbìnrin náà lórí mú, ó rì í lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, ó pẹ́ kó tó gbé e dìde. Fọláwẹ̀mí jáde, ó ń húkọ́, omi ń dà nímú rẹ̀.

Àkókò yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó gba ọ̀rá ọwọ́ Mercy, kò tú u, ó sọ ọ́ sínú àgbá irin tí iná ti ń jó. Ọ̀rá súnkì, ó rùn, èéfín dúdú gòkè. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Mercy náà pàtẹ́wọ́, nítorí wọ́n ń wò ó. Omi bọ́ lójú rẹ̀, wọ́n rò pé Ẹ̀mí ni.

Fọláwẹ̀mí bọ́ ẹ̀wù ìjọ tó wọ̀ wọ omi, ó wọ tirẹ̀ padà. Wọ́n fún Mercy ní lẹ́tà. Ìwé tó ní àmì iná lókè ni, wọ́n fi òǹtẹ̀ pupa lù ú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé Arábìnrin Fọláwẹ̀mí ti kọ ìjọ òkùnkùn àti àṣà rẹ̀ gbogbo sílẹ̀. Mercy ká a, ó fi sínú àyà.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Bámigbóyè Akíndúró ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ilé. Bẹ́ǹṣì yẹn kì í ṣe bẹ́ǹṣì lásán. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni àwọn aládùúgbò máa ń tò sórí rẹ̀, tí wọ́n á ká apá ẹ̀wù sókè, kí Fọláwẹ̀mí fi ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru wò wọ́n. Bàbá rẹ̀ ló ta àwọ̀n ńlá kan láti fi ra ẹ̀rọ ọ̀hún. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ò jẹ́ kí ó wo òun rí. Ó ní ẹni tó bá ń wá àìsàn kiri ni àìsàn ń bá pàdé.

Púpurú àti ọbẹ̀ ẹja tí Mercy gbé sílẹ̀ dè é wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò ṣí ìdérí. Eṣinṣin ń gun orí àwo.

"Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"A lọ rí ẹnì kan," ni Mercy dáhùn.

"Orí ọmọ yìí tutù."

"Òjò ni."

"Òjò tó pa orí, tí kò pa ẹ̀wù?"

Ìyá Rosemary ti gbé àga rẹ̀ súnmọ́ ògiri, ó ń fọ ẹyin tí kò dọ̀tí.

Bámigbóyè dìde. Kì í ṣe ẹni tó máa ń pariwo. Nínú ìjọ, àgbà tí wọ́n máa ń pè kó wá parí ìjà ni. Bí inú bá bí i, ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ ni, Ìlàjẹ rẹ̀ á sì máa jáde. "Èmi ni mo tẹ ọma mi bọmi. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni. Mercy, kí ni ọwọ́ mi ṣe tó fi di ọwọ́ tí wọ́n ń fi omi ẹlòmíràn fọ̀ kúrò lórí ọma?"

"Ọwọ́ rẹ ò ṣe nǹkan kan! Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ò kọ lẹ́tà! Bó bá sì kọ ọ́, wọ́n á fi di ẹ̀pà ni!" Ohùn Mercy ti gòkè, gbogbo ohun tó ti rọ́ mọ́ inú láti ọjọ́ Ajé ló ń tú jáde. "Ṣé mo fẹ́ ẹ ni? Ṣé inú mi dùn? Ọdún mẹ́ta ni mo fi yan ẹja lórí ọmọ yìí. Èéfín ti sọ ojú mi di ojú arúgbó. O ní kí n jókòó kí n máa wo agogo mẹ́rin títí yóò fi kọjá, torí pé a ní aṣọ?"

"Aṣọ ọ̀hún dà?"

Ìyá Rosemary, tó fẹ́ kí àlàáfíà wà tó sì fẹ́ kí ìròyìn délé lẹ́ẹ̀kan náà, ló sọ ọ́: "Oga Bami, abeg no vex. Dem don burn am."

Ọkùnrin náà jókòó wọ̀ọ̀. Ó ti àwo púpurú kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Adìẹ ti bà lókùn nínú ilé yẹn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ ò gbọ́ ọ tán, ó ní láti tẹ̀ síwájú.

"Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ẹ máa lọ. Ẹ gbé lẹ́tà yín lọ fún wọn. Bí wọ́n bá bi í pé ta ni bàbá rẹ̀, kó ní Zachariah ni."

"Bàámi," ni Fọláwẹ̀mí wí. Yorùbá nìyẹn, kì í ṣe Papa. "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ti kọjú sí odò.

Ọ̀nà Ekpan kún fún omi lọ́jọ́ náà. Kèké tí wọ́n wọ̀ kú sáàárín ọ̀nà, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì náà jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ńlá kan tí táyà rẹ̀ ti rì sínú kòtò. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n lò níbẹ̀. Mercy ní ẹja yíyan àti gààrí díẹ̀ nínú àpò. Ó nà án sí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà mi orí. Òun náà ò lè jẹ ẹ́. Obìnrin kan tó jókòó níwájú wọn bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ, nígbà tí wọ́n sì sọ fún un, ó ní, "Ah, nurse! God go do am o!" Gbogbo èèyàn inú bọ́ọ̀sì ṣe àmín. Mercy fọwọ́ kan àyà rẹ̀, kó mọ̀ bóyá lẹ́tà ṣì wà níbẹ̀.

Agogo mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n dé ẹnu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ekete.

Hàmídù ni orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ló ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, tó ń kírun, kò sì sí ọjọ́ kan tí Góṣénì bèèrè lẹ́tà pásítọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ aláìsàn tàbí olè, ìyẹn ti tó. Àwọn tó máa tọ́jú aláìsàn ni wọ́n ń wá ìjọ wọn.

"Nurse Fola, how far? Where your white?" ni Hàmídù bèèrè. "Anybody wey no wear white no go enter. Na order."

"E dey my bag."

Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń ta páálí ìwé àti bírò, ó tú ọ̀rá. Ó na aṣọ. Apá rẹ̀ gùn, ó fẹ̀. Kò ní bọ́tìnì níwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dé kókósẹ̀. Ọmọbìnrin náà dúró pẹ̀lú aṣọ yẹn lọ́wọ́ bí ẹni tó gbé òkú.

"Mama."

Mercy wò ó. Ó gbé ọwọ́ lérí. Igbe tó ké mú kí onísọ́ọ̀bù dìde. Aṣọ nọ́ọ̀sì ni wọ́n sun! Aṣọ nọ́ọ̀sì tí òun fi ọwọ́ ara òun lọ, tí òun fi ọwọ́ ara òun gbé fún wọn, tí òun tún pàtẹ́wọ́ fún iná rẹ̀! Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sórí ẹrẹ̀, ó ń lu itan. "Mo gbé, mo gbé, mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Fọlá, pa mí."

"Mama, get up." Fọláwẹ̀mí wo aago inú fóònù rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ló kù, ó dín díẹ̀. "White na white."

Ó wọ sùtánà náà. Ó mú bẹ́líìtì nọ́ọ̀sì rẹ̀ nínú àpò, ó fi gbà á nídìí, ó fà á sókè díẹ̀ kó má gùn jù. Ó ká apá rẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́. Ó dé fìlà nọ́ọ̀sì. Láti òkèèrè, bí èèyàn ò bá wò ó dáadáa, ó jọ ọ́. Mercy fi ìṣẹ́tí gèlè rẹ̀ nu ojú, ó wò ó, ìrètí tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú obìnrin náà.

"Ó jọ ọ́. Ó jọ ọ́ o. Ó ku bàtà."

Fọláwẹ̀mí gbé sálúbàtà dúdú rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ẹsẹ̀ náà dúró lófuurufú. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ló ti ń wọ sùtánà, kò sì fi bàtà sí i rí lọ́jọ́ kan. Nínú òjò, lórí ọ̀dà gbígbóná, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ẹsẹ̀ lásán ni. Ó gbìyànjú. Ó ti ọmọ ìka wọlé, ó tún fà á jáde.

"Wọ̀ ọ́," ni Mercy ń bẹ̀ ẹ́. "Fọlá, wọ̀ ọ́, Ọlọ́run mọ ọkàn rẹ. Ó ti rí wa láti àárọ̀. Kí ni bàtà lórí ohun tí a ti ṣe?"

"I no fit."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré!"

"Mama, I don enter their water. I don carry their letter. My leg no gree."

Ó gbé sálúbàtà náà dání, ó gba géètì wọlé. Hàmídù wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó ṣí ọ̀nà fún un. Ọkùnrin tó ń bọ́ bàtà kó tó kírun kò ní ohun tó fẹ́ bèèrè.

Ìyáàfin Adébùkọ́lá ni rẹ̀jísítírà. Ará Èkó ni, ilé-iṣẹ́ epo tí ọkọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ ló gbé wọn wá sí Warri. Ọ́fíìsì rẹ̀ tutù, ó ń ta sánsán. Páálí mílíìkì kan wà nílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó kún dé ẹnu fún àpòòwé.

"Ẹ káàsán, mà."

"Akíndúró. Ipò kẹta. Mo ti ń wò ó pé ìwọ ò ní wá." Ó gba lẹ́tà, ó kà á, ó mi orí. "Ó dáa. Ó dáa gan-an. O ti fi òkùnkùn sílẹ̀." Ó gbójú sókè, ìrẹ́rìn-ín rẹ̀ sì dúró lójú kan. "Aṣọ wo nìyí?"

"Aṣọ funfun ni, mà."

"Sún síwájú. Bàtà rẹ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, mà."

"Kí ló dé tí kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ?"

Irọ́ mẹ́ta ló sáré wá sí ọmọbìnrin náà lẹ́nu. Okùn rẹ̀ já. Ẹsẹ̀ mi wú. Òjò ló pa á. Gbogbo wọn ló dára, èyíkéyìí nínú wọn ì bá sì ti gbà á là.

"A kì í wọ bàtà sí sùtánà, mà."

Ìyáàfin Adébùkọ́lá fi gíláàsì ojú rẹ̀ lélẹ̀. "Nítorí náà, lẹ́tà ní o ti jáde, ẹsẹ̀ rẹ ní o ṣì wà níbẹ̀. Èwo ni kí n gbàgbọ́ nínú méjèèjì?"

"Ẹ gba èsì ìdánwò mi gbọ́, mà."

Obìnrin náà tún wọ gíláàsì ojú rẹ̀. Fáànù ilẹ̀ yí wá, ó gbé fáìlì kan ṣí lórí tábìlì. Fọláwẹ̀mí rí ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, láti orí ení títí dé orí àádọ́ta. Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wà lára òǹtẹ̀ náà.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí àwọn ọmọ lọ wá lẹ́tà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti orúkọ pa. Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Jímọ̀, àwọn òbí ṣì ń kúnlẹ̀ níwájú pásítọ̀ káàkiri Warri, wọ́n ń sọ ẹ̀sìn bàbá wọn sínú àgbá irin, wọ́n ń já ilé wọn sí méjì, kí Góṣénì lè rí ohun sọ fún àwọn ọgọ́rin tó bá ṣubú pé lẹ́tà wọn ni kò pé. Orúkọ kẹrin lórí ìwé náà ni Olúwaṣèyífúnmi, ọmọ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé-ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kùnà ìdánwò. Fọláwẹ̀mí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka tẹ̀mómítà.

"Mà," ni ọmọbìnrin náà bèèrè, ohùn rẹ̀ ò gòkè, "bí mo bá wọ bàtà báyìí, ṣé orúkọ mi á wọ ibẹ̀?"

Ìyáàfin Adébùkọ́lá gbé fáìlì padà sórí ìwé náà. Ó tẹ ọwọ́ lé e.

"Ọmọ mi, ìyá ọmọ ni èmi náà. Tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Máa gbàdúrà." Ó na lẹ́tà sí i. "Bó o bá ń jáde, fi sínú páálí yẹn."

Fọláwẹ̀mí wo páálí. Ọ̀pọ̀ àpòòwé inú rẹ̀ ni wọn ò tíì tú ẹnu wọn. Kò fi tirẹ̀ sí i. Ó mú un dání jáde.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ìyá àti ọmọ dé Ubeji. Jímọ̀ ni, àwọn aládùúgbò ti tò sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti ká apá ẹ̀wù sókè. Ìyá Rosemary wà lára wọn. Bámigbóyè dúró lápá kan, ó ń tún àwọ̀n ṣe, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó gbójú sókè, tó rí ọmọ rẹ̀ nínú sùtánà, abẹ́rẹ́ àwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọn ò sun ún?"

"Aṣọ nọ́ọ̀sì ni wọ́n sun," ni Mercy wí. "Èmi ni mo gbé e fún wọn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìyá Rosemary, ẹyọ kan péré. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ni, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Orúkọ rẹ ńkọ́?" Ọmọ rẹ̀ ni Bámigbóyè bi.

"Wọ́n ti kọ ọ́ tán láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàámi." Ó na lẹ́tà sí i.

Ọkùnrin náà gba lẹ́tà, ó wo àmì iná orí rẹ̀, kò kà á. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ẹrẹ̀ Ekete ti gbẹ mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà níbi tí òkúta ti gé e ní gìgísẹ̀. Láti Ekete títí dé Ubeji, kò bọ́ sùtánà, kò wọ bàtà. Bámigbóyè fún lẹ́tà náà mọ́wọ́. Ó rántí ọ̀rọ̀ tó sọ láàárọ̀ nípa Zachariah.

Mercy kọjá wọlé. Wọ́n gbọ́ tó ń da púpurú àárọ̀ sílẹ̀ fún adìẹ.

Fọláwẹ̀mí gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, ó mú ìwé tó ń kọ orúkọ wọn sí. Ta ló tún máa ní kó má ṣe é? Ara àwọn èèyàn wọ̀nyí kò mọ̀ bóyá Àbújá mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó bèèrè lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fẹ́ pe Ìyá Rosemary nígbà tí bàbá rẹ̀ rìn wá síbi bẹ́ǹṣì. Àwọn tó jókòó sún fún un. Ó jókòó. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ẹ̀rọ yẹn ti dé ilé rẹ̀, ó sì na apá sí ọmọ rẹ̀.

Fọláwẹ̀mí di aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Ó fún rọ́bà rẹ̀. Ó tẹ́tí. Òjò tó ti dá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí páànù, kò sẹ́ni tó dìde. Ó tún fún un lẹ́ẹ̀kejì, nítorí kò gba ohun tó rí gbọ́. Lẹ́yìn náà ó yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ran létí, ó wo bàbá rẹ̀.

"Bàámi, ó ga o. Ó ga púpọ̀."

Bámigbóyè wo lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

"Ó yẹ kó ga," ló wí.